Ọfà Mẹ́ta Inú Ìwé Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọdún méjìlélógún ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi wa bọ́ọ̀sì, kò sì ṣìnà rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Kò-ṣìnà. Kì í bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní àmì ojú ọ̀nà tó fún ẹni tó bá lójú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n olóríkunkun ni.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán, dókítà ní kò lè wakọ̀ mọ́. Máníjà wọn ṣàánú rẹ̀, ó fún un ní oṣù mẹ́ta ní ọ́fíìsì: kó kọ́ èdè tí wọ́n fi ń rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́, kó fi kọ ètò tí yóò máa pín ìrìn-àjò fún àwọn awakọ̀. Bí kò bá lè ṣe é, kó máa lọ sílé. Ọmọ mẹ́ta sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe, ló bá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Àbúrò, ìwé tí àwọn tó ṣe èdè yẹn kọ nípa rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Gbogbo ẹ̀ o."

"Bọ̀ọ̀dá, ó lé ní igba ojú ìwé. Ẹ máa kà á tán?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ bá mi kà á ni?"

Ó kà á lóòótọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ló fò, ó ní ìkíni lásán ni wọ́n máa ń kó síbẹ̀. Ó ń da àwọn àpẹẹrẹ inú ìwé náà kọ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì ń kọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kan ó ká ìwé náà pọ̀, ó ní, "Bóyá kí n kúkú máa lọ sílé."

Ẹ̀rù bà mí. Mo fà á jókòó, mo wo ohun tó kọ: àmì mẹ́ta bí orí ọfà, >>>, ló ṣíwájú ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Kí lẹ ń fi ọfà mẹ́ta ṣe níwájú gbogbo ìlà?"

"Ó wà nínú ìwé. Àmì ni. Awakọ̀ tó bá fojú fo àmì, àgbákò ló ń wá."

Mo ṣí ojú ìwé mẹ́rin tó fò. Ó wà níbẹ̀ kedere: kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń gbé ọfà yẹn síwájú láti fi hàn pé òun ń dúró de ọ̀rọ̀, ohun tó tẹ̀ lé e nìkan ni tìrẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ bọ́tìnnì, ìdáhùn sì jáde.

"Ó dá mi lóhùn," ó ní, jẹ́jẹ́.

Kí oṣù kẹta tó pé, ètò rẹ̀ ti ń pín ìrìn-àjò. Máníjà wò ó, ó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Inú mi dùn débi pé mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan.

Orúkọ àwọn tó kọ ìwé náà wà lẹ́yìn rẹ̀. A kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí wọn, ó fi orúkọ Kò-ṣìnà sí i, ó sì rò fún wọn bí ọfà ṣe ṣe òun. Wọ́n fèsì, wọ́n sì fi ìlà kan kún àpẹẹrẹ àkọ́kọ́: má da ọfà mẹ́ta yìí kọ. Wọ́n wá fi Kò-ṣìnà kún orúkọ wọn lẹ́yìn ìwé.

Mo tẹ ojú ìwé orúkọ yẹn jáde fún un. Kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ tirẹ̀: àti àbúrò rẹ̀, tó júwe ọ̀nà fún un.