Asẹ́ Tí Mo Fọ̀ Mọ́

Nínú ilé wa ní Ìlobù, a kì í dá asẹ́ tí a yá padà láìfọ̀ ọ́. Bí ìyá mi ṣe tọ́ wa nìyẹn, ilé kéú sì fi kún un pé ìmọ́tótó wà lára ìgbàgbọ́. N kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ rere yìí ni yóò dójú tì mí.

Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí, Ọlọ́run ṣàánú mi, mo ríṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń la ọ̀nà lápá Ìfọ́n. Ọ̀gá mi ló ń yẹ yanrìn wò. Yóò to asẹ́ onírin léra, olójú ńlá lókè, olójú wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, yóò da yanrìn sí i, yóò sì máa mì í. Ohun tó bá jò dé abọ́ ìsàlẹ̀ ni eruku. Bí ó bá ti pọ̀ ju ìwọ̀n lọ, kò ní ra yanrìn náà. A tún máa ń fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo bí hóró rẹ̀ ṣe rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí n tọ́jú àwọn asẹ́. Mo fi kànìnkànìn àti eérú bó wọn bí ẹni ń bó ìkòkò. Èyí tí ojú rẹ̀ kéré jù ni mo fọwọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Wọ́n ń dán, inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ baba mi kan láti Ìfọ́n kó yanrìn odò wá. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n wà á. Bí ọ̀gá bá kọ̀ ọ́, làálàá wọn gbé nìyẹn. Ọ̀gá da yanrìn náà sí asẹ́, ó mì í, abọ́ ìsàlẹ̀ sì kún.

Ọ̀gá ní, "Bàbá, eruku lẹ kó wá."

"Èmi kẹ̀? Odò tí mo ti ń wà á tẹ́lẹ̀ náà ni!"

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ tó ń kó yanrìn fún wa ní, "Àbí inú ààrò lẹ ti wà á, Bàbá Eléruku?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo fi awò wo ohun tó wà nínú abọ́. Hóró yanrìn roboto ni, kì í ṣe eruku. Mo gbé asẹ́ sókè sí oòrùn: ojú rẹ̀ ti ya níbi tí mo tẹ̀.

"Ọ̀gá, èmi ni. Mo bó o."

"O bó o? Búrọ́ọ̀ṣì la fi ń gbá a!"

Ó mú òmíràn nínú àpótí, ó fi tún yanrìn náà mì. Eruku kò tó nǹkan. Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá.

"Dìde, ọmọ mi. Ìyá rẹ tọ́ ọ."

Ì bá sàn kí ó bú mi. Alihamudulilahi, wọ́n ra yanrìn rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí awakọ̀ fún un ti mọ́ ọn lórí. Nígbàkigbà tí wọ́n bá fi pè é, tí ó sì jẹ́ ẹ tẹ̀ríntẹ̀rín, èmi ni mo máa ń dorí kodò.