Ìgbà Kẹta Tí Chewang Kò Bẹ̀ Ẹ́

Lórí òkè tiwa níbí, ẹni tó bá na ife rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi tíì lọ̀ ọ́, a ó ní ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ. Wàá fọwọ́ bo ife, wàá ní o ti yó. Èmi onílé á tún bẹ̀ ọ́, wàá tún kọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wàá tó gbà. Ebi ìbáà máa pa ọ́ kú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Chewang náà mọ̀ ọ́n.

Bàbá Ongchu ló kọ́ ọ. Ọmọ ọwọ́ ni Chewang nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ongchu, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ, tó ń ru ẹrù àwọn òyìnbó gun òkè títí ọmọ fi ka ìwé nílùú. Ẹ̀yìn la máa ń gbé ẹrù sí níbí, iwájú orí la sì ń fi okùn rẹ̀ kọ́. Okùn ti gbẹ́ kòtò síwájú orí bàbá yìí. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kó di amọ̀nà, kó máa rìn níwájú pẹ̀lú ọ̀pá lásán, kí ọrùn rẹ̀ sinmi kó tó kú.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Chewang ti di ọ̀gá, òun fúnra rẹ̀ ló kó àwọn òyìnbó wá, Bàbá Ongchu sì wà lára àwọn aláàárù rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ilé tíì mi, níbi tí àwọn tó ń gun òkè ń sùn, àìsàn òkè gíga tí kì í jẹ́ kéèyàn mí dáadáa ti mú amọ̀nà wọn, wọ́n ti gbé e sọ̀kalẹ̀. Àwọn góńgó òkè tó le jù ló sì kù níwájú. Láàárọ̀, Bàbá Ongchu wá bá mi nídìí ààrò. Ó ti bọ́jú, ó ti fi bọ́tà pa irun.

"Ìyá Dikki, nínú àwa tó kù, èmi ni mo mọ ọ̀nà yìí jù."

"Àbí ta ni? Ẹ má kàn gbàgbé wa o, ọ̀gá amọ̀nà."

Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Lóòótọ́, Chewang pè é lójú gbogbo àwọn aláàárù. "Bàbá, ṣé ẹ ó mú wa kọjá?"

Bàbá tẹrí ba. "Èmi kẹ̀? Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Wá ọ̀dọ́ kan."

"Ẹ̀yin la fẹ́, Bàbá."

"Rárá, ọmọ mi, agbára ti tán." Ó ti ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò kó lè gba ọ̀pá.

Chewang wò ó lójú dáadáa, mo sì rí ẹ̀rín nígun ẹnu rẹ̀. Ló bá yíjú sí àwọn yòókù.

"Ṣé ẹ gbọ́? Bàbá fẹnu ara wọn sọ ọ́. Nyima, ìwọ tó o jẹ́ ọ̀dọ́, gba ọ̀pá. Ẹ pín ẹrù Bàbá náà. Ẹni tí agbára ti tán, kí ló fẹ́ fi ẹrù ṣe? Bàbá, ẹ máa lọ sílé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mo lé e dé ìta.

"Chewang, o mọ ohun tí o ṣe yìí."

"Ṣé mo purọ́ mọ́ wọn ni, Ìyá Dikki? Ohun tí wọ́n sọ ni mo gbọ́."

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí. Ojú ń tì í kí òyìnbó mọ̀ pé ẹni tí okùn gbẹ́ lórí ló tọ́ òun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n lọ. Bàbá jókòó ti iná mi, okùn ẹrù rẹ̀ wà lórí itan. Mo gbé ìkòkò tíì. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti na ife rẹ̀ sí mi. Mo bu tíì sí i, mi ò lè wo ojú rẹ̀.