Ọjọ́ Tí Mo Búra Pé Mi Ò Lẹ́bí

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé àlejò nìkan ló ń ké àgò nílé wa ní Ìgàndò. Ará ilé kì í ké àgò. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n á sì bi ìyá mi léèrè ohun tó wà nínú ìkòkò kí wọ́n tó rántí kí i. Ẹni tó mọ ọ̀nà yẹn jù lọ ni Bọ̀ọ̀dá Akówọnjọ. Akówọnjọ ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń tún fíríìjì ṣe, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, á dé pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná lábíyá, á ṣí ìkòkò, á tọ́ ọbẹ̀ wò, á ní, "Àǹtí, iyọ̀ ò tó o." Ìyá mi á ní kó lọ sọ ìyẹn fún ìyàwó rẹ̀. Àbúrò ìyá mi ni. Ohun tí mo mọ̀ láti kékeré nìyẹn, n kò sì rí ìdí tí n óò fi bi ẹnikẹ́ni.

Tíṣà ni ìyá mi, Èkìtì ló ti wá, kì í sì í sọ̀rọ̀ ilé púpọ̀. Bàbá mi ti kú kí n tó dá a mọ̀. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Nígbà tí àìsàn mú ìyá mi lọ, àwọn èèyàn kún ilé fódindi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fọ abọ́, wọ́n sì lọ. Ó yà mí lẹ́nu bí ilé ṣe lè ṣófo tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ẹ̀gbẹ́dá dé, rédíò ni mo kọ́kọ́ máa ń tàn kí ẹnìkan lè máa sọ̀rọ̀ nínú ilé. Mo ṣì ń se ìrẹsì tó tó ènìyàn méjì. Mo ń dá a nù, mo sì tún ń se é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn ẹbí tó ta ilẹ̀ fún ìyá mi rán ọkùnrin méjì wá. Wọn ò pariwo, wọ́n tilẹ̀ kí mi kú ará fẹ́ra kù. Wọ́n ní ìyá mi ni àwọn tà á fún, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rìsíìtì, àwọn ò mọ ẹlòmíràn. Kí n lọ mú ìwé kóòtù wá tó fi hàn pé èmi ni mo ni ilé náà báyìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ àwọn. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, mo mọ̀ pé wọn ò ṣeré. Lánlọ́ọ̀dù tó kọjú sí wa gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gba lọ́yà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kí ló wà nínú fọ́ọ̀mù tí n kò ní lè kọ? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn nígbà náà?

Mo mú ìwé ẹ̀rí ikú, mo ya fótò, mo gba Ìkẹjà lọ sí ọ́fíìsì ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti ń fún ni láṣẹ lórí ohun ìní olóògbé. Fọ́ọ̀mù náà nípọn. Mo fi bírò dúdú kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá, n kò fa ìlà pa níbì kankan, inú mi sì ń dùn sí ara mi. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ́ èmi nìkan, kí n mú ẹlòmíràn nínú ẹbí tí a ó jọ gba àṣẹ náà. Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní wàhálà? Lójú ẹsẹ̀ ni mo kọ orúkọ Bọ̀ọ̀dá Akówọnjọ síbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìbátan, mo kọ ọ́ pé àbúrò olóògbé, ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà. Mo tún búra sí i lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù tó ń gba ìbúra. N kò bi òun fúnra rẹ̀ léèrè. Mo kàn pè é lórí fóònù pé kó mú fótò bíi mélòó kan wá sí Ìkẹjà, pé ọ̀rọ̀ ìwé Àǹtí ni. Ó ní, "Ó dáa."

Obìnrin àgbàlagbà kan tó so okùn mọ́ jígí ojú rẹ̀ ló ń yẹ ìwé wa wò lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá. Bíbélì àti Kùránì wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó wo Bọ̀ọ̀dá.

"Ẹ̀yin ni àbúrò olóògbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ìyá kan náà, bàbá kan náà?"

Bọ̀ọ̀dá wò mí, ó wá wo fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò lè parọ́ níwájú àwọn ìwé mímọ́ yìí. Ìyá ò pa wá pọ̀. Bàbá náà ò pa wá pọ̀. Èmi, ará Oǹdó ni mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ọjọ́ Àìkú ló gbé dé ọ́fíìsì ìjọba.

Ibẹ̀ ló ti ròyìn rẹ̀, kì í ṣe fún mi, fún obìnrin yẹn. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Akówọnjọ, ìta ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ló ń sùn. Yàrá kan ni ìyá mi háyà nínú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí òjò ń pa á, ìyá mi ní kó wá máa sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù wá bínú, ó béèrè pé ta nìyí. "Àǹtí ní, 'Àbúrò mi ni jàre, ṣé ẹ ò rí ojú wa ni?' Ni bàbá yẹn bá dákẹ́. Látọjọ́ náà ni mo ti di àbúrò wọn, mà. Kò sẹ́ni tó ní ká yí i padà."

Obìnrin náà yọ jígí ojú rẹ̀. Kò bínú, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ọmọ mi, ta lo tún ní?"

Mo ronú. Àǹtí Gowon Estate wà, tó ran gbogbo aṣọ Kérésì mi. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìyá Ìjẹ̀gùn wà, tí mo máa ń lọ lo họlidé lọ́dọ̀ wọn. Ilé ìwé kan náà ni àwọn àti ìyá mi ti jọ kọ́ni. Gbogbo wọn, ibi tí wọ́n ń gbé la fi ń pè wọ́n, èmi sì rò pé ẹbí ló tàn káàkiri Alímọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé ènìyàn laṣọ òun. Mi ò mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ran aṣọ náà, láwẹ́láwẹ́, títí ó fi bò mí dáadáa. Mo sọ fún obìnrin yẹn pé n kò ní ẹnì kankan.

Ó ní a ó fagi lé ìbúra àkọ́kọ́, n óò ṣe òmíràn, òun á sì gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá ọ̀gá òun kí wọ́n lè fún èmi nìkan ní àṣẹ náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ìbúra tuntun náà. Akọ̀wé tó ń gba ìbúra ní kí n kà á sókè kí n tó fọwọ́ sí i. Bọ̀ọ̀dá Akówọnjọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì, ohùn mi ò sì ní ibòmíràn tó lè gbà. Mo kà á pé èmi nìkan ni ọmọ tí olóògbé bí. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo kà á pé olóògbé kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kankan láyé. Ó mi orí. Mo kà á pé n kò mọ ẹbí kankan mìíràn tó kù. Ó tún mi orí, bí ẹni tó ń ran ọmọ kékeré lọ́wọ́ kó lè ka ẹsẹ Bíbélì rẹ̀ tán níwájú ìjọ. Ó dùn mí ju ọjọ́ tí a sin ìyá mi lọ.

Ó wá ku onídùúró méjì tó máa fọwọ́ sí i fún mi. Ọ̀gá ilé ìwé mi ti gbà láti ṣe ọ̀kan.

"Ṣé ẹni tí kì í ṣe ẹbí lè dúró?" Bọ̀ọ̀dá ló béèrè.

"Ó lè dúró, bó bá ṣáà ti níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá ṣe ohun ìní yẹn báṣubàṣu, ẹ̀yin ni ìjọba máa mú o."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ mú un wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù náà, ó ń kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi kan, ó gbé bírò dúró, ó bi mí pé, "Ìbátan mi sí Àǹtí ni wọ́n ń béèrè níbí. Kí ni kí n kọ?" Obìnrin yẹn ló sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ kọ ọ́ pé kò sí." Ó kọ ọ́.

Ọkọ̀ kan náà la wọ̀ padà. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kò sọ pé ó dọjọ́ Àìkú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó bọ́ sí i.

Ó bọ́ sí i. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìyá mi ló da omi, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn onílẹ̀ kà á, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n kí mi kú oríire, wọn ò sì padà wá mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbúra yẹn, mo wà ní ilé ìdáná, mo ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu. Iwájú ni mo ti gbọ́ ohùn. "Àgò onílé o!" Mo rò pé àwọn oníwàásù ni. Bọ̀ọ̀dá Akówọnjọ ni, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé búrẹ́dì dání. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tẹ́ ẹ gba iwájú?" Ó ní, "Rárá o, ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó jókòó sórí àga tí àlejò ń jókòó sí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí rẹ̀ báyìí. Ilé náà dúró, mo ti kùn ún, kò sẹ́ni tó lè lé mi jáde níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ti darúgbó, ó ṣì ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo Àìkú mọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti bá a ṣàwàdà, mo ti bínú sí i pàápàá. Á rẹ́rìn-ín, ìgbà tó bá tún dé, á tún dúró níwájú ilé títí n óò fi ní àgò yà. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé kóòtù ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, òtítọ́ lásán ni wọ́n béèrè. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti sọ òtítọ́ tirẹ̀ fún lánlọ́ọ̀dù kan ní Akówọnjọ, òtítọ́ tirẹ̀ yẹn sì ni mo fẹ́ràn jù.

Ní Àìkú tó kọjá, mo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, mo mọ̀ọ́mọ̀ se é láìfi iyọ̀ sí i rárá. Mo gbé e síwájú rẹ̀, mo jókòó, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ ọwọ́, ó ní ọbẹ̀ náà dùn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.