Oògùn Tí Ìyá Basya Ń Gbé Mì Lójú Fóònù

Ọ̀fíntótó ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò wa ní ìlú Kalibo, mo sì gbà. Bí n kò bá jẹ́ ọ̀fíntótó, ta ni ì bá béèrè ìdí tí ọwọ́ Ìyá Basya fi ń burú sí i bí oògùn wọn ṣe ń pọ̀ sí i?

Ọwọ́ yẹn kì í ṣe ọwọ́ lásán. Nínú gbogbo àwa tí ń fi fọ́nrán ewé ọ̀pẹ̀yìnbó hun aṣọ, kò sí ẹni tó mọ orí fọ́nrán méjì so pọ̀ bíi tiwọn. Fọ́nrán náà tín-ín-rín ju irun orí lọ, ìka ló ń rí i, ojú kò tó o. Ìdí òfì wọn ni èmi náà ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn tipẹ́. Ẹsẹ̀ wọn kọ́kọ́ ń jó wọn bí ẹni tẹ iná, nígbà tó yá ó dé ọwọ́, ìka wọn sì kú. Wọ́n á so fọ́nrán, á já, wọ́n á tún un so, á tún já. Wọ́n ti ń sọ pé kí n wá gbé òfì náà lọ sílé mi. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá.

Ọmọ wọn mẹ́ta ló wà lókè òkun. Nemesio ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, Perlita ń tọ́jú arúgbó ní Ítálì, Rolando tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wà ní Sáúdí. Bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa ọwọ́ ìyá wọn ni páálí bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ike fítámì kì í sì í ṣàìsí láàárín ọṣẹ àti ẹran inú agolo. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, lẹ́yìn Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á pe ilé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á yọjú lórí fóònù, kálukú á sì fẹ́ rí i kí Màmá gbé tirẹ̀ mì.

"Màmá, tèmi ńkọ́?"

"Òun rèé, Nemesio. Ṣé o rí i lẹ́nu mi?"

"Ẹ lanu dáadáa. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe ń yẹ ẹnu wa wò nígbà tí a wà ní kékeré."

"Ti Rolando lẹ kọ́kọ́ lò!" Perlita á figbe ta. "Ṣé òun lẹ̀gbọ́n mi ni?"

A ó rẹ́rìn-ín títí. Tí fóònù bá ti kú, ìrora á tún bẹ̀rẹ̀.

Ó sú mi. Mo kó gbogbo ike náà sínú báàgì, mo sì mú Ìyá Basya lọ bá Dókítà Villorente ní ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà to àwọn ike náà sórí tábìlì. Ti Nemesio ni oògùn iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára. Ti Perlita ni ti irun àti èékánná. Mágínísíọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ gàdàgbà sára ti Rolando, pé ó ń fúnni lóorun.

"Iwájú wọn yàtọ̀ síra, ó yá, ẹ wo ẹ̀yìn," ni dókítà wí. "Fítámì B6 rèé. B6 rèé. B6 náà tún nìyí. Gbogbo rẹ̀ ló sì pọ̀."

"Ṣebí oúnjẹ iṣan ni B6, Dókítà?"

"Oúnjẹ iṣan ni. Ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù lára fún ìgbà pípẹ́, òun gan-an ló máa ń ba iṣan jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu. Oúnjẹ iṣan tó yíjú padà, tó ń jẹ iṣan! Àṣejù, baba àṣetẹ́, àṣé ó dé inú ike oògùn. Mo béèrè títí dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Ìyá Basya wò. Èsì dé, fítámì B12 ló dín lára wọn, oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ sì lè fa ìyẹn. Dókítà ní kí wọ́n má fi oògùn àtọ̀gbẹ sílẹ̀, kí wọ́n fi B12 kún un, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wá láti òkèèrè. Ó ní yóò pẹ́ kí ara tó fúyẹ́, àti pé kò dájú pé gbogbo rẹ̀ ló máa padà bọ̀ sípò.

Ṣé ẹ gbà pé Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo bá Ìyá Basya tí wọ́n tún ń gbé hóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì lójú àwọn ọmọ? Inú bí mi. Mo dúró kí fóònù kú.

"Ẹ̀yin ìyá yìí! Ṣé etí yín náà ti kú ni?"

"Fi mí sílẹ̀, Onding. Ọ̀fíntótó."

"Mi ò fi yín sílẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ tún ń lò ó?"

Wọ́n ń wo fóònù tó ti ṣókùnkùn lọ́wọ́ wọn. "Tí mi ò bá ní oògùn tí mo fẹ́ gbé mì mọ́, kí ni wọ́n á máa pè mí fún?"

Ó dùn mí wọra. Pẹ̀lú gbogbo ìbéèrè mi, mi ò béèrè ìyẹn rí.

Sọ́ńdè kejì, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. "Oògùn yín ti pọ̀ jù. Ó ń ba ọwọ́ mi jẹ́. Mo ti jáwọ́."

Perlita fọwọ́ bo ẹnu. "Ṣé àwa la ṣe é fún yín, Màmá?"

"Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, ọmọ mi."

Àwọn ọmọ dágbére wéréwéré.

Nígbà tó tún di ọ̀sán Sọ́ńdè, Ìyá Basya gbé fóònù sórí òfì, wọ́n jókòó tì í. Kò dún. Mo wá nǹkan gbá kiri ní àgbàlá wọn, àgbàlá tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀. Oòrùn ti ń yí nígbà tó wá dún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níbẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn bí àlejò.

"Màmá," ni Nemesio wí nígbẹ̀yìn, "ẹ so fọ́nrán kan, ká wò ó."

Ìyá Basya mú orí fọ́nrán méjì, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n fà á. Ó já. Wọ́n tún mú òmíràn. Ó já.

"Ẹ má kánjú," ni Rolando wí. "A ò lọ síbì kankan."

Ìrẹsì tí mo gbé kaná nílé mi jóná lọ́jọ́ náà, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ pa fóònù, èmi náà ò sì fẹ́ dìde níbẹ̀.