Ìlà Kan Tí Atúnléṣe Pa Rẹ́

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Atúnléṣe ni gbogbo èèyàn ń pè é, láti orí àwọn tó ń pè é sí àpérò títí dé orí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fi orúkọ náà lé ara rẹ̀ lórí. Níbi àpérò àkọ́kọ́ tó ti sọ̀rọ̀, kò rí ọ̀nà míì ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, ló bá ní, "Ẹ wò ó, ilé àtijọ́ ni mò ń tún ṣe." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, orúkọ sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè.

Ilé tó ń tún ṣe kì í ṣe ti bíríkì. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ti ń lò láti ogún, ọgbọ̀n ọdún, tí gbogbo rẹ̀ ti wé mọ́ra bí òwú tí ológbò fi ṣeré: tí o bá fa ibí, ọ̀hún á já. Atúnléṣe á tú u sí wẹ́wẹ́, á fún wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, á wá kó wọn lọ sórí kíláùdù. Kíláùdù yìí kì í ṣe ìkùukùu ojú ọ̀run o. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, tó wà níbi tó jìnnà, tí èèyàn ń háyà. Ìyá Atúnléṣe kò gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Bí òjò bá ti ṣú, á pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù: "Ṣé òjò ò ní pa iṣẹ́ yín báyìí?"

Ilé iṣẹ́ akẹ́rù ló ń bá ṣiṣẹ́, ibi tí ogójì ọkọ̀ àjàgbé ti ń jáde lójoojúmọ́. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ ètò wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó ń yan dírẹ́bà tó máa gbé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde. Bàbá yìí kan náà ló kọ́ Atúnléṣe níṣẹ́, nígbà tó ṣì ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Nígbà tí Bàbá lọ, ètò kù sí Atúnléṣe lọ́wọ́. Ó tú u sí mẹ́jọ, ó kó o lọ sórí kíláùdù láàárín oṣù mẹ́wàá, ọkọ̀ kankan kò sì pẹ́ jáde nítorí rẹ̀. Ìtàn yẹn ló ń sọ kiri láti àpérò dé àpérò.

Ibi tó ń dùn mọ́ àwọn èèyàn jù ni ibi tó ti máa ń tan ìlà kan láti inú ètò àtijọ́ sára ògiri. Ìlà náà ní: tí dírẹ́bà bá ti wọlé, fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ fún wákàtí mẹ́jọ. Kò sí àlàyé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Atúnléṣe á káwọ́ sẹ́yìn, á wo ògiri, á wo èrò. "Dírẹ́bà dé, ẹ fi í pamọ́! Ṣé olè ni?" Ẹ̀rín á gba gbọ̀ngán kan. Á wá ní òun pa á rẹ́ ni, bí ẹni gbá pàǹtírí.

Ohun tó tẹ̀lé e ni kì í sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó pa ìlà yẹn rẹ́, dírẹ́bà kan ti ọ̀nà jíjìn dé láàárọ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí kì í sáré. Ètò tuntun rí i pé ó ti wọlé, kò sì sí ohun tó ní kó má mú un, ló bá tún kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rò pé ọ̀gá ló fi òun síbẹ̀. Ó bọ́jú, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, oorun gbé e. Ọkọ̀ rọra yà kúrò lójú títì, ó lọ fẹnu gún òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló kán. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ilé iṣẹ́ ní ó sùn lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa ṣí géètì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Atúnléṣe mọ ohun tí ìlà náà wà fún: oorun dírẹ́bà ló ń ṣọ́. Kíá ló dá a padà. Ó fẹ́ lọ sọ fún ọ̀gá. Ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la di oṣù, oṣù di ọdún méjì. Ó sì tún ń fi ìlà náà pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, torí àwọn tó ń pè é ti ń retí rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń gba géètì kọjá, tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ á ṣí i fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Àǹtí wa, ẹ káàárọ̀ o! Atúnléṣe tiwa!" Ìkíni yẹn á sì máa gún un lọ́kàn títí á fi débi àga rẹ̀.

Báyìí ni ìwé dé láti ibi àpérò tó tóbi jù nínú gbogbo wọn, èèyàn ẹgbẹ̀rún kan nínú gbọ̀ngán kan. Inú rẹ̀ dùn fún ọjọ́ méjì péré. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́ pè é lórí fóònù.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n máa gbé mi wá. Iwájú ni kí wọ́n fi mí sí o, etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́."

Atúnléṣe gbé fóònù kalẹ̀. Bàbá á rí ìlà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lára ògiri. Á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ àga. Atúnléṣe sọ gbogbo rẹ̀ fún un látòkèdélẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ fún alààyè kankan.

"Mo lè yọ ibi yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi," ó ní. "Bàbá ò ní rí i, á tán síbẹ̀."

"O lè yọ ọ́." Ọkọ rẹ̀ kò gbójú sókè. "Ta ló máa wá yọ ọkùnrin yẹn kúrò ní géètì?"

"Tí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní pè mí mọ́."

"Kí wọ́n tó máa pè ọ́, ṣé a ò máa sùn ká jí ni? Ìyá ọmọ mi, tí èmi bá bá ìṣó lára àga àtijọ́, mo máa ń kọ́kọ́ wo ohun tó dì mú kí n tó fà á yọ."

"Ẹ ṣeun o, ọ̀jọ̀gbọ́n onígi."

"Mi ò tíì gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ní ọjọ́ kejì, kò gba géètì kọjá. Ó dúró. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti ń nawọ́ kí i, Atúnléṣe ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì kí mi," ó sì sọ ọ́ fún un, lórí ìdúró, láàárín èéfín ọkọ̀ tó ń jáde.

Ẹ̀rín kúrò lójú Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn lókè?"

"Rárá."

"Èmi nìkan lẹ wá sọ fún? Kí n ti ṣe é? Kí n fi mu tíì?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Mò ń bínú o. Ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀." Ó ṣí géètì fún ọkọ̀ kan, ó tì í, ó padà wá. "Níbi tí ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti tún un sọ."

Ọjọ́ àpérò pé. Bàbá jókòó síwájú pátápátá, ó fọwọ́ gbe etí. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ akẹ́rù wà ní ìlà kejì, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Atúnléṣe sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Nígbà tí ìlà náà tàn sára ògiri, àwọn tó ti gbọ́ ọ rí ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó lanu.

"Mo máa ń fi ìlà yìí ṣe ẹ̀fẹ̀," ó ní. "Lónìí, mi ò ní í ṣe é."

Ó sọ bí ó ṣe pa á rẹ́ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó sọ ti ọkọ̀ tó yà kúrò lójú títì. Ó sọ pé dírẹ́bà náà kò ṣẹ̀, pé ètò tí òun kọ ló rán an lọ láìsùn, pé òun mọ̀, òun sì panu mọ́ fún ọdún méjì. Ọ̀gá ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

Bàbá nawọ́. Wọ́n gbé máìkì fún un, ó gbá a pẹ̀lú ìka. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá."

"Kì í ṣe ọgbọ́n mi ni ìlà yẹn. Obìnrin tó ń pín ọkọ̀ láyé ìgbà náà ló wá dúró tì mí, ó ní mi ò ní jáde lọ́fíìsì bí mi ò bá kọ ọ́. Mo kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, àyè inú ẹ̀ ò ju àpò ẹ̀wù lọ. Bó bá ti kún, àlàyé ni mo kọ́kọ́ máa ń kó dànù. Èmi pa àlàyé rẹ́, ìwọ pa ìlà rẹ́. A jọ jẹ̀bi ìyẹn." Ó tún gbé máìkì súnmọ́ ẹnu. "Àmọ́ ìpanumọ́ ọdún méjì, ìwọ nìkan lo ni ín."

"Èmi nìkan ni mo ni ín, sà."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ọkùnrin tó ṣètò àpérò fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, ó dára gan-an, àmọ́ ohun tó máa ń wú èèyàn lórí làwọn fẹ́. Atúnléṣe mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìwé kankan kò dé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn tò sẹ́nu ọ̀nà dè é, oníkálukú pẹ̀lú ìlà tirẹ̀ tó ti pa rẹ́ rí.

Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá ránṣẹ́ pe Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sókè, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà fún un. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba ọ́fíìsì Atúnléṣe lọ.

"Kọ́kọ́rọ́ ti dé. Ó ku ilé. Láti ọdún méjì ni ìyàwó mi ti ń pè mí ní Olóorun. Bí mo bá ní kì í ṣe ẹ̀bi mi báyìí, á ní àlá ni mò ń lá. Ẹ ó bá mi délé lẹ́yìn iṣẹ́."

Atúnléṣe bá a lọ. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ló pín wọn. Ìyàwó náà ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí àlejò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún un níbẹ̀ ju àárín ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ. Nígbà tó dé ibi tí ìlà náà ti pa rẹ́, obìnrin náà gbé aṣọ sílẹ̀.

"Àwọn ìlà tó kù ńkọ́? Ta ló mọ ohun tí wọ́n wà fún?"

Nínú gbogbo àpérò tó ti lọ, ẹnikẹ́ni kò bi í nírú ìbéèrè yẹn rí.

"Láti Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti Bàbá tó kọ ọ́ máa jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó máa kọ ìdí ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀."

"Èyí tí Bàbá bá ti gbàgbé ńkọ́?"

"A ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má kàn fọwọ́ pa á rẹ́."

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀ tìtì. "Bàbá ọmọ mi, ẹ má bínú." Ó wá kọjú sí kọ́tìnnì, ó figbe ta: "Màmá! Ẹ wá gbọ́ o, wọ́n ní kì í ṣe oorun!"

Ìyá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yọjú, ó ń wé gèlè mọ́rí. Wọ́n fa àga fún un. Wọ́n fa òmíràn fún Atúnléṣe.

"Ẹ jókòó, Àǹtí," ìyàwó náà ní. "Ẹ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ẹ má fo ibì kankan o."

Atúnléṣe jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀.