Bí Mo Ṣe Tún Ìjókòó Ẹ̀yìn Máṣíìnì Mi Ṣe

Fún oṣù mẹ́jọ, bí èmi àti ìyàwó mi ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ nìyí. Ìyàwó mi á jáde sí ẹnu kúlóòsì wa, òpópó kékeré tí ilé wa wà ní Festac, á kí ìyá oníbúrẹ́dì tó máa ń pàtẹ síbẹ̀, á na ọwọ́ sí ọlọ́kadà, á gun ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi náà á ṣáná sí máṣíìnì tèmi, màá sì tẹ̀ lé wọn. Ọlọ́kadà á wà níwájú pẹ̀lú ìyàwó mi, èmi á wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìjókòó òfìfo, títí a ó fi dé ilé ìwé tí ó ti ń kọ́ni ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Á sọ̀ kalẹ̀, á sanwó, á juwọ́ sí mi, á wọlé. Èmi á wá kọjá lọ sí ọ́fíìsì mi ní Mazamaza.

Kì í ṣe pé a ń jà. A jọ máa ń jẹun àárọ̀ kí a tó jáde. Ọlọ́kadà kan tilẹ̀ bi ìyàwó mi léèrè lọ́jọ́ kan pé, “Àǹtí, ṣé ẹ mọ bọ̀dá tó ń tẹ̀ lé wa yìí?” Ó ní, “Ọkọ mi ni. Ẹ máa lọ.” Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nídìí oúnjẹ alẹ́, ó sì bu ọbẹ̀ kún tèmi.

Máṣíìnì mi kì í ṣe irú ti ọlọ́kadà. Irú èyí tí iwájú rẹ̀ gùn ni, tí ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí ẹni tó ń gùn ún á na ẹsẹ̀ síwájú bíi baba tó jẹun tán tó ń gba atẹ́gùn lójúde. Ó ti wù mí láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì. Nígbà tí ọkọ̀ wa dẹnu kọlẹ̀, láyé ìgbà tí fóònù onítọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, a tà á bó ṣe wà. Mo kó owó rẹ̀ dání lọ sí Trade Fair, mo ní mo ń lọ wo ọkọ̀ mìíràn fún wa. Mo wo ọkọ̀ lóòótọ́. Máṣíìnì tòkunbọ̀ ni mo gùn bọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tó bá mi lọ ní a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ra ohun ìrìnnà tuntun lọ́dọ̀ wa, dandan ni kó fọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé kó ra nǹkan mímu àti ẹran fún àwọn tó ń bá a yọ̀. A dúró ní Second Avenue, a fi súyà àti mọ́ọ̀tì fọ̀ ọ́ dáadáa, àwọn tó ń kọjá sì ń kí mi kú oríire. Ìgbà tí mo délé, ìyàwó mi jáde síta, ó wo máṣíìnì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ kú oríire,” ó sì padà lọ wo ìrẹsì tó wà lórí iná. Mo gbà pé inú rẹ̀ dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ní kó gùn ún ká lọ. Ó ní kò síbi tí òun máa fẹ̀yìn tì.

Irú ènìyàn tí mo jẹ́ ni pé bí o bá ti dárúkọ ìṣòro, àtúnṣe rẹ̀ ni mo máa wá, owó kékeré ni mo sì máa fi ṣe é. Àga kan tó ń yí wà ní ọ́fíìsì wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá. Mo tọrọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé e lọ bá wẹ́dà kan ní Mazamaza, ó fi iná jó o mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó máṣíìnì. Awọ tí mo fi bò ó, ara àga ìrọ̀gbọ̀kú wa ni mo ti gé e, ní ẹ̀yìn níbi tó kọjú sí ògiri, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀ títí ìyàwó mi fi fà á síta láti gbálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn mìíràn á fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá kan gun ẹ̀yìn mi ní First Gate láìbéèrè, ó fẹ̀yìn tì, ó ní kí n gbé òun dé Mile 2. Ó ti jókòó tán, àárẹ̀ sì hàn lójú rẹ̀, ni mo bá gbé e lọ. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé Èkó, òun ò tíì gun ọ̀kadà tó ní ìtura báyìí. Ó fún mi lówó. Mo gbà á.

Ìyàwó mi wo ìfẹ̀yìntì náà, ó ní ó dára. Ṣùgbọ́n páìpù èéfín ńkọ́? Ó fi àpá kan hàn mí ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, níbi tí páìpù ọ̀kadà ti jó o nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́. Mo ní kò burú. Mo tú sítóòfù wa àtijọ́, mo yọ irin oníhò inú rẹ̀, mo là á, mo fi òòlù tẹ̀ ẹ́, mo sì fi wáyà dè é mọ́ ara páìpù. Kò sí ẹsẹ̀ tó lè jó mọ́. Kẹrosíìnì tó ti mu fún ọdún márùn-ún ló kù nínú rẹ̀. Bí páìpù bá ti gbóná, ẹni tó bá wà lẹ́yìn mi á rò pé wọ́n ń se ẹ̀wà nítòsí.

Ó ní ibi tí òun máa gbé ẹsẹ̀ lé kéré, pé síkẹ́ẹ̀tì ni òun ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo yọ pákó ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ kan nínú wọ́dúróòbù wa, mo ní kí wẹ́dà jó irin tó máa gbé e dúró, mo fi ṣe ìgbẹ́sẹ̀lé tó fẹ̀ dáadáa. Dúrọ́ọ̀ tirẹ̀ ni mo lò, torí nǹkan wà nínú tèmi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà.

Ó ní máṣíìnì náà ń pariwo. Mo ra kànrìnkàn onírin tí a fi ń ha ìdí ìkòkò, mo ki mẹ́ta bọ inú páìpù. Lóòótọ́, ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ Àìkú, bí mo ṣe ń wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, kànrìnkàn gbaná, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde ní iná wẹ́wẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi àyè ìjókòó han èrò ké pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, ó sì ru korobá iyanrìn wá. Mo ní kó má dà á, kànrìnkàn lásán ni. Ó dà á. Ìyàwó mi, tí ọlọ́kadà ti gbé dé ṣáájú mi, dúró láàárín àwọn obìnrin, ó ń wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo ọkọ ọlọ́kọ.

Mo padà lọ bá wẹ́dà. Mo ní kó fi irin kún ìfẹ̀yìntì náà kó ga sí i, bóyá ìyẹn ló kù.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni Màdáámú ṣe ga tó?”

Mo fi ọwọ́ wọn ọ́n ní àyà mi.

“Ìgbà tí wọ́n jókòó lé e, ibo ló bá wọn dé?”

“Wọn ò tíì jókòó lé e.”

Ó pa iná tó mú lọ́wọ́, ó ṣí awò dúdú ojú rẹ̀. “Gbogbo ohun tí mo ti jó mọ́ máṣíìnì yìí, wọn ò jókòó lé e rí?”

“Rárá.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ lọ bi wọ́n ní ohun tí ẹ ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti irin.” Ó tún iná rẹ̀ tàn, ó padà sídìí géètì ẹlòmíràn tó ń jó lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo bá ìyàwó mi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì í, mo ní, “Kí ni mo ṣe?”

Kò bi mí pé nípa kí ni. Ó ní, “Lọ́jọ́ tí ẹ gbé e dé, kí ẹ tó wọlé, ìyá oníbúrẹ́dì wá bá mi. Wọ́n ní àwọn kí wa kú oríire, àwọn rí yín níbi tí ẹ ti ń fọ máṣíìnì tuntun ní Second Avenue. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní ó ti pẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ti ń gbàdúrà sí i, pé a jọ yàn án ni. Wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ wu àwọn. Mo ní èmi ni mo ní ẹ mú pupa.”

Mo ní, “Dúdú ni.”

“Mo rí i nígbà tí ẹ gbé e dé.” Ó ju òkúta kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Wọ́n wò mí. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì lọ.”

Ojú tì mí gan-an. Owó ọkọ̀ àwa méjèèjì ni mo ná, ẹni tó ń kọjá lọ́nà sì ti bá mi yọ̀ kí ìyàwó mi tó gbọ́. Ó tún wá purọ́ kí n má baà tẹ́, àṣírí irọ́ náà tú lójú ẹsẹ̀, àárọ̀ lójoojúmọ́ ló sì ń kí ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wá ibi tí ó máa gbé ẹsẹ̀ lé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́.

Mo dìde, mo ti máṣíìnì náà jáde kúrò nínú ọgbà láìṣáná sí i, mo gbé e dúró sí ẹ̀yìn géètì. Mo padà wọlé, mo ní, “Mo rí máṣíìnì kan níta. Mo fẹ́ kí a jọ lọ wò ó kí n tó rà á.”

Ó ṣa ẹ̀wà rẹ̀ tán. Ó fọ ọwọ́. Ó jáde, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka kan táńkì rẹ̀.

“Kí ló ń rùn bíi kẹrosíìnì?”

“Sítóòfù ni.”

“Èyí ńkọ́, tó jọ pákó dúrọ́ọ̀ mi?”

“Òun ni.”

“Èló ni wọ́n ń tà á?”

Mo sọ iye tí mo rà á gan-an fún un. Mi ò tíì sọ ọ́ rí.

“Wọ́n ti rẹ́ yín jẹ.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fi ọwọ́ tẹ ìfẹ̀yìntì náà wò. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ rà á. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dúdú.”

A jọ gun ọ̀kadà méjì lọ sí Trade Fair ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a lọ ra ọ̀dà inú agolo, irú èyí tí wọ́n ń fín. Oríṣi pupa mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ó sì fara balẹ̀ wò wọ́n kó tó mú ọ̀kan. Òun ló fi ìwé ìròyìn bo iná iwájú àti díńgí, èmi ni mo fín in. Ọ̀dà náà ṣàn díẹ̀ ní apá òsì táńkì. Mo fẹ́ fi sáńpépà ha á, ó ní kí n fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé pákó dúrọ́ọ̀. Ìfẹ̀yìntì náà ga jù fún un, kò sì fẹ̀yìn tì í. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi di ìgbáròkó mi mú. Nígbà tí a dé ẹnu kúlóòsì, ó ní kí n dúró. Ó kí ìyá oníbúrẹ́dì kú àárọ̀.

Ìyá náà wo máṣíìnì, wọ́n wo èmi, wọ́n wá wo ìyàwó mi fún ìgbà pípẹ́.

“Pupa yìí mà yẹ yín o,” ni wọ́n wí.

“Ẹ ṣé, mà,” ni ìyàwó mi dáhùn. “Èmi ni mo yàn án.”