Ta Ni Yóò Wẹ Àlàájì Bàdírù?

Àlàájì Bàdírù kú lóko rẹ̀ ní Wádì Fátímà, lójú ọ̀nà Jẹ́dà sí Mẹ́kà, nínú ooru ọdún 1957. Ọkùnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ òkú gbogbo àwa ará Yorùbá ní Ghulail, àdúgbò wa ní Jẹ́dà, ẹni tí kì í ṣe ara wa ló wẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Kò wá ipò o. Àwọn àgbà Ghulail ló da kóró dàbínù sínú fìlà, wọ́n ní ẹni tó bá fa èyí tí wọ́n fi èédú kùn ni yóò máa ṣáájú wa nírun. Bàdírù, àgbẹ̀ ará Ìsẹ́yìn, ló fà á, ó sì sunkún. Oko ló fi ń bọ́ ara rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé ilá wá fún àwọn àgbà náà ní gbogbo Jímọ̀. Bí ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú bá kú, tí ẹ̀rù ò jẹ́ kí ará ilé yọjú, òun ni yóò wẹ̀ ẹ́, tí yóò kírun sí i lára.

Salih, àgbẹ̀ ará ibẹ̀ tí oko wọn pààlà, gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Bàdírù wá sílé Àlàájì Ṣàkírù, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà. Ó ní àgbàlagbà kan nínú àwọn ará Yorùbá ti kú lóko.

“Yá Salih, Àlàájì Bàdírù ni kí o lọ pè,” ni Ṣàkírù wí. “Òun ló ń wẹ òkú wa.”

“Walláhi, òun gan-an ló kú.”

Ṣé Ṣàkírù ò dá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń gbé ilá wá fún un mọ̀ ni? Bàdírù ló wẹ òkú bàbá Ṣàkírù. Síbẹ̀ Ṣàkírù ní òun ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú rí, pé àwọn ọlọ́pàá sì ń béèrè ikáámà, ìwé ìgbélùú yẹn, lójú ọ̀nà. Àwọn ilé tó kù tí Salih yà náà wí bẹ́ẹ̀. Ikáámà wo ni Bàdírù ní nígbà tó ń gba ọ̀nà kan náà wá? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ ní Ghulail.

Hàbíbátù, ìyàwó Bàdírù, ló sọ fún mi bí òun ṣe ń bẹ Salih: “Jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i. Wọ́n ń bọ̀.” Oòrùn sì fẹ́ ba òkú jẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó bu omi, Salih sì wẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin àgbà Ghulail, mo gbọ́ pé ẹ tún ti ń kó kóró dàbínù jọ láti yan ẹlòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ fìlà yẹn, ẹ lọ sí Wádì Fátímà, kí kálukú dúró níwájú Hàbíbátù, kó sọ ibi tó wà lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tẹ́ ò fi wá.